Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Dúró Kí Àgbà

Ní ìdílé bàbá mi, a kì í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àfi tí o bá gbọ́ ìdajì tó kù: ẹni tí kò sí lórí rẹ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, olórí ẹbí máa ń fi ẹsẹ̀ rìn yí gbogbo oko ẹbí ká, láti ìdí pèrègún kan dé ìdí pèrègún kejì, nítorí pèrègún ni a fi ń pààlà. Ẹni tó bá ní ìpín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ìpín tirẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ kí olórí ẹbí tó dé. Bí wọn ò bá bá ọ lọ́dún kan, wọ́n á fojú fò ó, wọ́n á ní bóyá àìsàn ni. Lọ́dún kejì, ẹlòmíràn tó bá tọrọ rẹ̀ ni wọ́n á fún.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, wọn ò bá mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì mi nísàlẹ̀ orúnkún. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá zémijàn, alùpùpù akérò, tó ń gbé mi bọ̀ láti ọjà Kétu. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ẹsẹ̀ ti lọ, ó ti lọ náà nìyẹn.

Ìpín mi ò tóbi. Ọ̀nà Idigny ló wà, bàbá mi ló fún mi nígbà ayé rẹ̀, èmi obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn síbẹ̀, mo máa ń fi àgbàdo sí àárín rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ náà ni mo fi ń yan gààrí, gààrí náà ló sì ń bọ́ ilé mi. Ọkọ mi jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ra ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. Tí ilẹ̀ yẹn bá lọ, mi ò mọ ohun tí a óò máa jẹ.

Àbúrò bàbá mi ni olórí ẹbí. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé láti ilé ìwòsàn, ó wá kí mi, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ibi tí aṣọ mi ti pẹlẹbẹ. Ọkọ mi fẹ́ fi í lọ́kàn balẹ̀, ó ní tí ọjọ́ ààlà bá dé, zémijàn á gbé mi lọ sóko.

Bàbá ní, "Ta ni yóò gbé e lọ lọ́jọ́ kejì?"

Bàbá tún ní:

"Ẹni tí wọ́n bá gbé wá sóko, àlejò ni lóko. Bó bá lè dá wá, kó wá. Bí kò bá lè dá wá, ọmọ ilé kan wà tó ń tọrọ ibẹ̀, òun náà ti gbéyàwó, òun náà ń wá ibi tí yóò ro."

Kò pariwo, kò sì bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń lọ, mo ní nínú ọkàn mi pé, a jọ máa rí i.

Nígbà tí mo gba ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, mo kọ́kọ́ fẹ́ fi rìn dé oko. Mi ò dé ìdajì ọ̀nà. Òkè ẹsẹ̀ náà jẹ́ ike tó rí bí ife ńlá, inú rẹ̀ ni mo máa ń ki kùkùté ẹsẹ̀ mi bọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Tí mo bá ń rìn, orí kùkùté yẹn ni gbogbo ara mi wà. Nígbà tí mo máa bọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ìbọ̀sẹ̀ ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó ṣe ẹsẹ̀ náà fún mi nílé ìwòsàn bá mi wí gan-an. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tantí, ẹ gbìyànjú vẹlo. Lórí vẹlo, ìjókòó ló máa ru ara yín. Kùkùté yín á sinmi."

Ọkọ mi bá mi wá kẹ̀kẹ́ àlòkù kan láti Pobè, kẹ̀kẹ́ obìnrin tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀, tí ènìyàn lè fi ìró gùn. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ dáadáa nígbà ọmọge mi. Mo rò pé wàhálà ti tán.

Àṣìṣe tí a ṣe níbẹ̀, irú wa nìkan ló lè ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, a kì í wà lórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Tí o bá pàdé àgbà lọ́nà, o máa sọ̀, o máa di kẹ̀kẹ́ mú, tí o bá jẹ́ obìnrin o máa kúnlẹ̀, kí o tó tún gùn. Láàárọ̀, kí ènìyàn tó jáde lábúlé, á ti sọ̀, á ti gùn, á tún ti sọ̀. Ọkọ mi ro ìyẹn. Ó gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà wálẹ̀ pátápátá, títí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi kanlẹ̀ pẹlẹbẹ bí mo ti jókòó. Ó ní, "Báyìí, kò ní nira fún ọ láti sọ̀ kí ènìyàn." Àwọn ìyá àgbà agboolé wá wò ó, wọ́n yìn ín. A ti ṣe kẹ̀kẹ́ tó dára fún ìkíni. Kò dára fún ìrìn rárá.

Ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù máa ń ká orúnkún. Nígbàkígbà tí pẹ́dáàlì òsì bá yí wá sókè, orúnkún mi á ká débi pé etí ike náà á gún mi lẹ́yìn orúnkún, níbi tí ẹran ti rọ̀ jù. Ẹsẹ̀ náà kò ní ọrùn ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìka rẹ̀ ni mo fi ń tẹ pẹ́dáàlì bí gbogbo ayé ti ń ṣe, ó sì ń yọ̀ kúrò. Tó bá yọ̀, pẹ́dáàlì á fò yí, á gbá mi ní ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kù fún mi. Mo ṣubú níwájú ilé. Mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gààrí. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín, ìyẹn ò dùn mí. Àwọn obìnrin tó ń sọ pé "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o" ló ń mú mi bínú.

Lọ́jọ́ kan mo ju kẹ̀kẹ́ náà mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ mi.

Mo ní, "Gbé ìjókòó yìí sókè."

"Tí ẹsẹ̀ rẹ ò bá kanlẹ̀ tí o wá ṣubú ńkọ́?"

"Ṣé mi ò ṣubú báyìí ni? Àbí mo kàn ń dùbúlẹ̀ ṣeré nílẹ̀ ni?"

Ó lọ gbé kẹ̀kẹ́ náà dìde, ó ń nù ún. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, mo mọ̀. Ẹ̀rù ìṣubú mi ń bà á ju ẹ̀rù ilẹ̀ lọ. Tèmi yàtọ̀. Mo ti ṣubú tán nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbá mi. Ilẹ̀ ló kù tí mi ò tíì pàdánù.

A gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ bá obìnrin ilé ìwòsàn. Ó ní kí n gùn ún nínú àgbàlá, ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Ó béèrè ìdí tí ìjókòó fi rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n lè máa sọ̀ kí àgbà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó ní a ó gbé ìjókòó sókè, títí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí pẹ́dáàlì bá wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ga débi tí ìdí mi á máa yí sọ́tùn-ún sósì. Ó ní kí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mi máa wà lórí pẹ́dáàlì, níbi tí ojúgun bá ti balẹ̀, nítorí ọmọ ìka tí kò ní ọrùn ẹsẹ̀ kò lágbára kankan. Ó tún ní tí a bá rí ẹni tó lè lu ihò mìíràn sí irin tó di pẹ́dáàlì òsì mú, kí pẹ́dáàlì náà lè sún mọ́ àárín, ẹsẹ̀ náà á máa yí òbìrí kékeré, orúnkún ò sì ní ká jù.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni òṣìṣẹ́, Tantí. Èyí, ẹ jẹ́ kó máa bá a kẹ́gbẹ́ lọ. Ẹ má fi ipá bá a jà."

Ìyẹn ló ṣòro jù fún mi. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé mò ń fi ipá tẹ ẹsẹ̀ òsì náà, kó má baà dà bí ẹni pé mo ti di ìdajì ènìyàn.

A rí ẹni tó lu ihò náà. Ọkọ mi gé pákó tín-ín-rín, ó kàn án mọ́ pẹ́dáàlì òsì, ó gbẹ́ etí sí iwájú rẹ̀ kí bàtà má baà yọ̀ lọ. Ó fi rọ́bà inú táyà ṣe ìdè sókè, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, kí n lè fa ẹsẹ̀ yọ sẹ́yìn tí mo bá fẹ́ sọ̀. Nígbà tí mo gùn ún lọ sí ẹ̀yìn abúlé, ìró mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kẹ̀kẹ́ náà ń lọ geere, mi ò gbọ́ ìrora kankan lẹ́yìn orúnkún. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin bí asínwín. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ yí padà ni mo rántí pé ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́.

Sísọ̀ kò nira jù: màá fa ẹsẹ̀ òsì yọ, màá sún síwájú kúrò lórí ìjókòó, màá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀. Gígùn padà ni ogun. Mo ní láti fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá dúró lórí ilẹ̀ tó le, kí n fi ọ̀tún ti pẹ́dáàlì, kí n sì ju ara mi sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí iyanrìn kò ṣeé ṣe. Nínú ẹrẹ̀, kí a má tilẹ̀ sọ ọ́.

Nítorí náà mi ò sọ̀ mọ́. Mo ń kí àwọn ènìyàn láti òkè, mò ń tẹ orí ba, mo sì ń lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan sọ fún ọkọ mi pé ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ti gé ìtìjú lọ lára ìyàwó rẹ̀. Ọkọ mi kò fẹ́ sọ ọ́ fún mi, mo fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni. Mo ní kó lọ bá mi béèrè bóyá ìyá náà á wá máa bá mi ro oko. Bàbá ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí kì í dé etí rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ ààlà kù ọ̀la, òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùkùté ẹsẹ̀ mi ti wú. Kò wọ inú ike. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, mo wọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò wọlé síbẹ̀. Mo gbé e sókè lórí àga, mo ń fi ọwọ́ fún un wálẹ̀, mò ń gbọ́ tí àwọn ọkùnrin agboolé ń lọ lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Bàbá. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Jẹ́ kí n pe zémi. Á gbé ọ gba ọ̀nà Kpankou yí ká, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́yìn oko. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi á mọ̀."

"Ilẹ̀ ni a ń wá, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu?"

"Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ọ̀la ńkọ́? Ṣé zémi ni yóò máa bá mi ro ó lójoojúmọ́ ni?"

Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo ń sọ láti ẹnu ara mi, ó sì tún bí mi nínú. Mo ti kùkùté náà bọ inú ike pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ó dún pọ̀ọ́, omi bọ́ lójú mi, ó sì wọlé. Ọkọ mi so ọkọ́ mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́bàá àtẹ̀gùn títí mo fi jókòó dáadáa, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà pupa náà ti dì lẹ́yìn òjò, kò burú. Mi ò sáré. Mo ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí òsì máa bá a yí. Ohun tí mo ń bẹ̀rù wà níwájú: àfonífojì kan wà kí a tó dé oko, amọ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òkè sì ni lẹ́yìn amọ̀ náà. Ibi ìsọ̀kalẹ̀ ni ènìyàn ti ń kó agbára tó máa fi gun òkè. Tí o bá dúró láàárín, o ti dúró nìyẹn. Amọ̀ yẹn máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Ẹsẹ̀ tèmi, á bọ́ ọ lódindi.

Mo dé orí àfonífojì náà, mo rí fìlà funfun nísàlẹ̀.

Bàbá ni, pẹ̀lú ọkùnrin méjì nínú ẹbí. Wọ́n ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí ibi tó gbẹ díẹ̀ láàárín amọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ìpín mi ni àkọ́kọ́ tí wọn máa kàn tí wọ́n bá gun òkè tán. Tí mo bá sọ̀ láti kí wọn, mi ò ní lè gùn padà nínú amọ̀. Wọ́n á ṣáájú mi débẹ̀, wọ́n á bá ilẹ̀ tí kò ní ènìyàn. Tí mi ò bá sọ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá olórí ẹbí níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, òun gan-an ló sì máa sọ bóyá ilẹ̀ jẹ́ tèmi. Ọwọ́ mi wà lórí bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Mo tú ọwọ́ lórí bíréèkì.

Mi ò lè tẹ aago kẹ̀kẹ́. Ta ni yóò tẹ aago fún àgbà pé kó yàgò? Mo ké láti òkè, mo fi gbogbo ohùn mi ké e: "Bàbá, ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú àárọ̀ o! Mo kúnlẹ̀ o, Bàbá! Mo kúnlẹ̀!"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì fò kúrò lọ́nà. Bàbá yí padà, ó wò mí. Kò fò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ̀nba tí kẹ̀kẹ́ fi lè kọjá. Mo gbọ́ bí ẹrẹ̀ ṣe ta, mo sì rí i pé ó ta sí etí aṣọ funfun rẹ̀. Mo ń ké síbẹ̀ pé mo kúnlẹ̀, èmi tí mo jókòó sórí irin.

Kò dá mi lóhùn. Àgbà tí o kí tí kò dá ọ lóhùn, ó wúwo ju èpè lọ. Mi ò lè wẹ̀yìn, òkè ti dé. Mo tẹ̀ síwájú lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mi ò dìde lórí ìjókòó, mo ń fi ọ̀tún tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Kùkùté mi ń jó bí iná nínú ike náà. Táyà ẹ̀yìn yọ̀, mo rò pé ó parí, ó tún di ilẹ̀ mú. Ara mi fẹ́ fi òsì tẹ̀ ẹ́, kí n bá a jà bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mi ò jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ fún ọ̀tún pé, ìwọ ni, ìwọ ni, má dá mi dá wọn.

Mo gun òkè náà tán. Mo dé ìdí pèrègún mi, mo sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ ṣubú, mi ò wò ó. Mo tú ọkọ́, mo tiro lọ sí àárín ilẹ̀ mi. Wọn ò tíì yọ. Mo ronú pé kí n dúró, kó bá mi lórí ìdúró bí ẹni tó ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé mo kúnlẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ san án. Mo kúnlẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, nítorí iwájú ike náà máa ń gé mi ní orúnkún, dídìde lẹ́yìn rẹ̀ sì le ju gígùn kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

Wọ́n dé. Bàbá dúró ní ìdí pèrègún. Ẹrẹ̀ náà ṣì wà létí aṣọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ náà láti igun dé igun, ó wo kẹ̀kẹ́ tó ṣubú, ó tẹjú mọ́ pẹ́dáàlì tí ọkọ mi kan pákó mọ́.

"Ta ló gbé ọ wá?"

"Èmi ni mo gbé ara mi wá, Bàbá."

Ó mi orí. Kò wò mí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ló yí sí, ó ní, "Ilẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín. Kí ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ wá ibòmíràn." Ó sì kọjá sí ìpín tó kàn.

Lọ́dọ̀ wa, tí ọmọ bá kúnlẹ̀, àgbà ló máa ní kó dìde. Bàbá kò sọ ọ́. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ilẹ̀ mi ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè gbéra. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ṣàánú mi, ó yí padà, ó na ọwọ́ láti fà mí dìde.

Bàbá kò tilẹ̀ dúró. Láti ibi tó ti ń lọ ló ti ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹni tó lè gun kẹ̀kẹ́ kọjá mi, á lè dá dìde."

Ọkùnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó tẹ̀ lé e.

Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó yìn mí ni àbí ó bú mi. Inú bí mi, inú mi sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé mo ń sunkún tí mi ò mọ èwo ni mò ń sun. Mo dúró títí wọ́n fi wọ inú oko kejì, kí wọ́n má baà rí bí màá ti ṣe é. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, mo ṣubú padà, mo tún ti ilẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo dìde.